Òróǹro Kì í Ṣe Òróró

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti kọ nǹkan síbí kẹ́yìn. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ ojú ni kò jẹ́. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ewì. Ìwé ìléwọ́ olójú-ewé mẹ́rin ni, tí wọ́n fi Yorùbá kọ fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn ní agbègbè wa. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é jáde, torí pé iṣẹ́ rere ni wọ́n fẹ́ ṣe, àti torí pé ọwọ́ èmi náà wà nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Ìdógò ni mo fẹ̀yìntì sí, ibi tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ifọ̀ bọ̀ máa ń parí ìrìn rẹ̀ sí láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ojú irin ò wá mọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ò lọ síbì kankan. Ilé tí ò ní méjì-mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ò pọ̀: àwọn ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa wọ̀nyí, tí wọ́n máa ń bí ìbejì, tí wọ́n tún máa ń bí ìbẹta nígbà mìíràn. Owó ilé-ìwé ọmọ, owó oògùn, owó ìnáwó òjijì, ara ewúrẹ́ ló ti ń jáde. Nítorí náà, bí ọmọ ewúrẹ́ kan bá kú, kì í ṣe ẹran lásán ló kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò tó kọjá, Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, kan ilẹ̀kùn mi. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti bímọ mẹ́ta lóru. Méjì ti rí ọmú mu, ṣùgbọ́n ìyá wọn ń kan ẹ̀kẹta, èyí tó kéré jù, kò jẹ́ kó sún mọ́ òun rárá. Ìyá Ìbejì kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Ó mọ̀wé kà. Ó mú ìwé ìléwọ́ yẹn jáde, ó kà á, ó sì ṣe ohun tó rí kà. Ó bu òróró ẹ̀pà sí ṣíbí, ó rọ ọ́ sí ọmọ ẹran náà lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín òru sí òwúrọ̀. Nígbà tó fi máa wá pè mí, ọmọ ẹran ti ń wúkọ́, etí rẹ̀ ti tutù.

"Bàbá, ẹ gbà mí o. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ni mo ṣe."

Mo ní, "Ta ló ní kí o fún un ní òróró?"

"Ó wà nínú ìwé, sà. Ẹ wò ó."

Mo wo ibi tó nàka sí. "Ororo" ni wọ́n kọ lóòótọ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn ni òróòro, omi kíkorò aláwọ̀ ewé tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Ohun tí Ìyá Ìbejì kà ni òróró, èyí tí a fi ń dín àkàrà. Ọmọ ẹran náà kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Mi ò ní sọ pé òróró nìkan ló pa á. Òun ló kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣeé ṣe kó má yè bó ti wù kó rí. Dókítà ẹran tó bá wa wò ó sọ pé ó jọ pé òróró ti gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù lójú tirẹ̀ ni pé ọmọ ẹran náà ò fi ẹnu kan omi ọmú àkọ́kọ́ ní gbogbo àsìkò tó yẹ kó mu ún. Òun gan-an ló dùn mí. Wákàtí tí Ìyá Ìbejì fi ń rọ òróró ni wákàtí tí ì bá fi fún omi ọmú ewúrẹ́ náà sínú ife.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ báyìí. Wọ́n ti fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, pé kí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá àwọn wo Yorùbá inú rẹ̀. Mo kà á kánmọ́kánmọ́. Mo tún sípẹ́lì ibi mélòó kan ṣe, mo yọ ọ̀rọ̀ àyálò méjì kúrò torí pé wọn ò dùn mọ́ mi létí. Nígbà tí wọ́n bi mí nípa àmì ohùn, mo dáhùn pé bí kò bá sí àyè, ó ṣeé fara mọ́, pé àyíká ọ̀rọ̀ máa la ìtumọ̀ fún ẹni tó ń kà á. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì pé ohùn ló ń yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ lédè wa, èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àtúnyẹ̀wò tí mò ń kọ yìí ló yẹ kí n ti kọ nígbà náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ṣe tò. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá inú omi ọmú. Wọ́n ní ororo ló ń jẹ́ kí ọmọ ẹran lè lo ọ̀rá náà, àti pé oògùn ìdàgbàsókè wà nínú ororo ọ̀hún. Ọ̀rá àti òróró, ṣé ẹbí kọ́ ni wọ́n ni? Àyíká ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́kàn lé kò gba ònkàwé lọ́wọ́ àṣìṣe. Ńṣe ló tì í sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbólóhùn náà ń sọ̀rọ̀ nípa alápatà ni, kò sẹ́ni tí ì bá ronú kan òróró ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá, òróró ló kọ́kọ́ máa sọ síni lọ́kàn.

Lẹ́nu, kò sí bí a ṣe lè ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Òróró: ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Òróòro: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, àárín. Kódà iye sílébù wọn ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀wé láìfàmì sí i máa ń rò pé fáwẹ́lì méjì tó dúró ti ara wọn jẹ́ àṣìṣe, á sì pa ọ̀kan rẹ́. Bí ó bá ti pa á rẹ́ tán, omi ẹ̀dọ̀ ti di òróró àkàrà.

Kí wá ni òróòro yìí ń ṣe tí wọ́n fi ní láti dárúkọ rẹ̀? Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa níbi kan. Ẹ wo alápatà lọ́jà Ìlaròó. Bí ọ̀bẹ bá dé ìdí ẹ̀dọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀sẹ̀, torí àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀. Bó bá bẹ́, ẹ̀dọ̀ yẹn ò ní ṣeé jẹ. Ohun tó bá korò, a ní ó korò bí òróòro. Onígbàgbọ́ mọ̀ ọ́n nínú ìtàn ohun mímu tí wọ́n gbé fún Jésù ní Gọ́lgọ́tà. Ìmọ̀ wa nípa rẹ̀ dúró síbi ìkorò yẹn. A mọ bó ṣe rí lẹ́nu, a ò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú.

Iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ ìkòkò rí. Ẹ fi omi nìkan fọ ìkòkò tí epo ti dì mọ́, epo á kàn máa yí kiri ni. Ẹ fi ọṣẹ sí i, epo á fọ́ sí wẹ́wẹ́, omi á sì lè gbé e lọ. Bí òróòro ṣe ń ṣe ọ̀rá nínú ìfun nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, inú àpò rẹ̀ ló ń dúró sí, nígbà tí oúnjẹ bá dé, á ṣàn wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Nígbà tó bá ṣiṣẹ́ tán, apá ìsàlẹ̀ ìfun kékeré á gba èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ òróòro padà, ẹ̀jẹ̀ á gbé e padà sí ẹ̀dọ̀, wọ́n á tún lò ó. Ara ò fi ṣòfò. Ọmọ tuntun, ìbáà ṣe ti ẹran tàbí ti ènìyàn, kì í ní púpọ̀ nílẹ̀. Nínú omi ọyàn obìnrin, ohun kan wà tó ń bá ọmọ da ọ̀rá, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí iyọ̀ òróòro inú ìfun ọmọ bá jí i. Ìyá mú tirẹ̀ wá, ọmọ mú tirẹ̀ wá.

Ohun kejì tí ìwé ìléwọ́ náà sọ ni ọ̀rọ̀ "oògùn ìdàgbàsókè". Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní growth factor ni wọ́n ń túmọ̀. Ìtàn rẹ̀ dùn láti gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Stanley Cohen ní Amẹ́ríkà fa ohun kan jáde láti inú ẹ̀ṣẹ́ itọ́ eku, ó fi gún àwọn ọmọ eku tuntun lábẹ́rẹ́. Ọmọ eku tó jẹ́ pé nǹkan bí ọjọ́ méjìlá sí mẹ́rìnlá ló yẹ kó lajú wá lajú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Eyín rẹ̀ náà tètè yọ. Ọdún 1962 ló kọ ìròyìn rẹ̀ jáde. Púrótéènì kékeré ni nǹkan ọ̀hún, amino acid 53 péré ló so pọ̀ mọ́ra di odidi rẹ̀. Ní ọdún 1986, òun àti Ìyáàfin Rita Levi-Montalcini jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí púrótéènì yìí káàkiri: nínú itọ́, nínú omi ọyàn, nínú òróòro eku pàápàá. Nígbà tí wọ́n gún un sínú ẹ̀jẹ̀ eku, ẹ̀dọ̀ gbà á, ó ba púpọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí díẹ̀ kọjá ní odidi sínú òróòro. Àwọn olùwádìí mìíràn ti kọ́kọ́ darí òróòro àti omi tí àmọ́ ń ṣe lẹ́bàá rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ ìfun eku. Awọ inú ìfun níbi tuntun yẹn sì dìde, ó gbèrú. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Omi méjì yẹn ní ohun púpọ̀ nínú, a ò lè nàka sí ẹyọ kan kí a ní òun nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n pé omi tí ń ṣàn wọ ìfun máa ń sọ nǹkan fún awọ ìfun, tí kì í ṣe pé ó kàn ń da oúnjẹ nìkan, ìyẹn dájú.

Nítorí náà, ìwé ìléwọ́ náà ò purọ́. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín. Ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ẹni tó ń sin ewúrẹ́ mọ ìdí nǹkan dípò kó kàn máa gba àṣẹ. Mo kan sáárá sí i fún èyí. Ẹ̀sùn mi sí i, àti sí ara mi, jẹ́ mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kò yà ohun tí ara ẹran ń ṣe fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí olówó ẹran gbọ́dọ̀ ṣe. Ọmọ ewúrẹ́ ló ń ṣe òróòro ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fún un. Ìdajì ojú ewé ni wọ́n fi sọ ti òróòro tí a ò lè fún un, ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n fi sọ ti omi ọmú àkọ́kọ́ tí a lè fún un. Yorùbá ní ọ̀nà tó mọ́ kedere láti yà wọ́n sọ́tọ̀: "ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe é" jẹ́ ìròyìn, "fún un mu" jẹ́ àṣẹ. Nínú ìwé yẹn, "máa ń" ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Obìnrin tí ọmọ ẹran ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ò wá ìròyìn. Àṣẹ ló ń wá, ó sì sọ ìròyìn di àṣẹ fúnra rẹ̀.

Èkejì, wọ́n pe omi ọmú àkọ́kọ́ ní "wara akoko". Lágbègbè tiwa, bí ẹ bá dárúkọ wàrà, ohun funfun tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sọ́jà nínú igbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí lójú inú wọn, èyí tí a ń dín jẹ. Mo mọ̀ pé wàrà ń jẹ́ omi ọmú ẹran nínú Yorùbá ìwé. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú "omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè"? Kò sí àgbà obìnrin kan ní Yewa tí kò mọ̀ ọ́n. Ó tún yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba pé ó dára, torí pé àwọn ilé kan wà tí wọ́n ti máa ń fún un dànù, ti ẹran àti ti ènìyàn, pé ó dọ̀tí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bá èrò yìí jà títí dòní, nígbà tí wọ́n ń sọ pé kí ọmọ tuntun mu ọyàn láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i.

Ẹ̀kẹta ni "oògùn ìdàgbàsókè". Ẹ mọ ohun tí Ìyá Ìbejì tún ṣe kó tó wá bá mi? Ó ti rán ọmọ rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní kùtùkùtù pé kí wọ́n ta oògùn ìdàgbàsókè fún òun. Wọ́n tà á fún un! Fítámínì tí wọ́n ń po mọ́ omi adìẹ ni. Tí mo bá bi ara mi, ẹ̀bi ta ni? Tí ìwé bá sọ pé oògùn wà, ènìyàn á wá a lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Èmi tí mo yọ ọ̀rọ̀ àyálò méjì kúrò, mo fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ torí pé Yorùbá gidi ni. Ojú Yorùbá gidi ni mo wò, mi ò wo ibi tó máa rán ènìyàn lọ.

Kí ni ì bá ti dára jù? Mo ti yẹ mélòó kan wò. "Okùnfà ìdàgbà" sún mọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, àmọ́ kò ní ara, kò sí ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ máa rí. "Ajílẹ̀" tí ẹnì kan dá lábàá máa ń jẹ́ oúnjẹ fún ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan yìí kì í ṣe oúnjẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré ju ohun tí ìfun lè fi ṣe oúnjẹ lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kan rán an, òmíràn gbà á, ó tú u, ó sì ṣe ohun tó bá a mu. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a fi ń ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀: àrokò.

Mo dábàá "àrokò ìdàgbà". Ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń fi owó ẹyọ pa àrokò. Ẹyọ mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú gba ìròyìn. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tú, owó lásán ló rí. Bó ṣe rí nínú ara gan-an nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ohun tó lè fi gba àrokò yìí lójú ara rẹ̀ á gbà á, èyí tí ò ní, àrokò á kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àrokò kan náà, ìpéǹpéjú eku gbà á, ó là. Awọ ìfun gbà á, ó tún ara rẹ̀ ṣe. Bákan náà, kò sẹ́ni tí í lọ ra àrokò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ àṣìṣe fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan á ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò mọ àrokò mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàyé gbólóhùn kan ti tó, wọ́n á sì kọ́ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn á ní ènìyàn ló ń pàrokò, pé sẹ́ẹ̀lì ò ní èrò inú. Ìyẹn lágbára díẹ̀. Àmọ́ àfiwé ni ọ̀pọ̀ èdè-ìperí lágbàáyé, òyìnbó náà ń pe apilẹ̀ṣẹ̀ nǹkan kan ní ońṣẹ́ nínú sáyẹ́ǹsì wọn, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó ní ẹsẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984, àwa onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹran ọ̀sìn ò rí olùrànlọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn tó bá a ṣe é ní Ifẹ̀ ti fi àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ hàn wá pé sáyẹ́ǹsì gba Yorùbá wọ̀ dáadáa.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àkọlé. Mo lè pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn máa fàmì sí ọ̀rọ̀, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa á. Ẹ fàmì sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó tó láti mọ̀ pé fóònù máa bọ́ àmì dànù, pé atẹ̀wé máa ní kò sí lẹ́tà rẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ máa kánjú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yan ọ̀rọ̀ tó lè rìnrìn àjò náà kó sì dé láàyè. Èdè wa ti fún wa ní méjì fún omi ẹ̀dọ̀ yìí: òróòro àti òróǹro. Ẹ fi èkejì kọ̀wé. Ẹ bọ́ gbogbo àmì orí rẹ̀, "oronro" ló máa kù, kò sì sẹ́ni tó máa fi oronro dín àkàrà. Lẹ́tà n kan péré ni. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé kì í mọ ẹnubodè. Ìwé ìléwọ́ yìí ti kọjá sí Ìpóbẹ́ àti Kétu, ní Bènẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwa ń fi àmì sí nísàlẹ̀. Lẹ́tà n ò yí padà níbẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, òróǹro ni èmi náà á máa kọ.

Mo ti tún ojú ewé yẹn kọ, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Ewúrẹ́ kì í fi ohun tó ń bá àrùn jà ránṣẹ́ sí ọmọ nínú oyún bí ènìyàn ti ń ṣe. Inú omi ọmú àkọ́kọ́ ló kó gbogbo rẹ̀ sí, àti àrokò ìdàgbà tó ń sọ fún ìfun pé kó gbèrú. Ìfun ọmọ ẹran ṣí sílẹ̀ láti gba ohun tó ń bá àrùn jà yìí ní odidi, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn náà ń tì díẹ̀díẹ̀. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló dára jù, nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ti tì. Bí ìyá bá kọ ọmọ, fún omi ọmú rẹ̀ sínú ife tó mọ́, fi ìgò oníhò rọ́bà fún ọmọ náà, díẹ̀díẹ̀, kó wà lórí ìdúró, má ṣe dojú rẹ̀ kọ òkè. Ọmọ ẹran tó bá wọn kìlógíráàmù kan yẹ kó mu nǹkan bí 100 mililítà láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn ò tó ìdá mẹ́ta ìgò mínírà onígíláàsì tó gba 35 sẹ́ńtílítà. Pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Má sè é. Bó bá tutù, gbé ife náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bí ìyá ò bá ní in, wá ewúrẹ́ mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Má fún un ní òróró, epo tàbí àgbo.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo kà á sétí Ìyá Ìbejì. Ó dákẹ́ títí mo fi kà á tán. Ó wá ní, "Bàbá, ó dára. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ kọ 'fún omi ọmú rẹ̀ sínú ife' sí. Lóru ọjọ́ yẹn, mi ò bá má kà débẹ̀. Ẹ gbé e sókè, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun la máa kọ́kọ́ rí."

Mo gbé e sókè. Òun ni ìlà àkọ́kọ́ báyìí, kó tó kan ẹ̀dọ̀, kó tó kan òróǹro, kó tó kan àrokò mi tí mo fẹ́ràn. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, mo ti ní kí wọ́n má ṣe fi orúkọ mi sí i títí Ìyá Ìbejì á fi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún omi ọmú àkọ́kọ́ ní ìlú yín, tàbí tí àrokò ìdàgbà ò tẹ́ lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì sí i.

Ó dàbọ̀ ná.